Ẹ Má Bù Ú Sínú Ike Omi

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lórí ìgò kékeré kan tó wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Hydrogen peroxide ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹlòmíràn ń pè é ní pẹróksáìdì, ẹlòmíràn á kàn ní kí ọmọ lọ ra "hydrogen" wá ní kẹ́míìsì, ẹni tó ń tajà á sì mọ ohun tó ń bèèrè. A fi ń nu ojú ọgbẹ́, a fi ń yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ iléèwé, àwọn àgbàlagbà ń fi í yọ ẹnu bí erìgì bá wú. Nígbà tí àrùn kòrónà dé lọ́dún 2020, tí oníkálukú ń wá ohun tí yóò fi pa ọwọ́, pẹróksáìdì wà nínú ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, là sílẹ̀ fún pípo oògùn ìpawọ́. Ìwọ̀n bíńtín ni, 0.125% péré. Kì í tiẹ̀ ṣe nítorí kòkòrò ọwọ́ ni wọ́n ṣe fi sí i, bí kò ṣe nítorí èyí tó bá fara pamọ́ sínú ìgò tí wọ́n rọ oògùn náà sí.

Mi ò wá sọ pé kí ẹ má lò ó. Ohun tó ń ká mi lára ni ibi tí à ń rọ ọ́ sí àti ibi tí à ń gbé e sí. Pẹróksáìdì mọ́ gaara, kò ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọmọ tó bá ṣí ìgò kẹrosíìnì, òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ kọ lu imú rẹ̀. Hypo náà ń ta sí imú. Ti pẹróksáìdì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti bù ú kúrò nínú ìgò tirẹ̀ sínú ike mìíràn, kò sí ojú tó lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí omi mọ́, títí kan ojú àgbà. Àwa sì rèé, a kì í ju ike nù. Ike Eva, ike Ragolis, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a ó fọ̀ ọ́, a ó pọn omi sí i, ó di inú fìríìjì. Láti ìgbà tí ọmọ wa ti ń dìde rìn ló ti mọ̀ pé ohun tó bá mọ́ gaara nínú ike, omi ni. Àwa la sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní kẹ́míìsì kan. Mo wọlé, mo ní kí wọ́n fún mi ní pẹróksáìdì, èyí tó jẹ́ 3%. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà, ó fa kẹ́ẹ̀gì funfun kan jáde. Wọn ò kọ ohunkóhun sára kẹ́ẹ̀gì náà. Ó tún mú ike omi kan tó ti ṣófo, tí bébà orúkọ omi ṣì wà lára rẹ̀.

"Ti èló ni kí n bù fún yín, mà?"

Mo ní, "Ọmọ mi, báwo ni agbára rẹ̀ ṣe tó?"

"Ó lágbára dáadáa, mà."

"Mo gbà pé ó lágbára. Nọ́ńbà rẹ̀ ni mò ń bèèrè."

Ó yí kẹ́ẹ̀gì náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò rí nǹkan kan kà. Ó ní, "Ọ̀gá wa ló mọ̀ ọ́n, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jáde. Ọmọ náà kò purọ́ fún mi, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ gan-an sì ni òbí gbọ́dọ̀ ti la ojú rẹ̀.

Omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni pẹróksáìdì máa ń padà dà. Louis Jacques Thénard, ará ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1818, títí di òní olónìí kò sí ẹni tó lè mú un dúró sójú kan: díẹ̀díẹ̀ ló ń tú ká nínú ìgò tó wà. Oòrùn ń mú un yá, ooru ń mú un yá, irin àti ìdọ̀tí náà ń mú un yá. Nọ́ńbà tó wà lára ìgò ló ń sọ iye tó wà nínú omi náà. Èyí tí ilé nílò ni 3%. Àwọn ìgò kan kì í kọ 3%, 10 volume ni wọ́n máa ń kọ, bákan náà ni. Ìyẹn ni pé bí ṣíbí kan rẹ̀ bá tú ká tán, afẹ́fẹ́ tó kún ṣíbí 10 ni yóò jáde. Èyí tí wọ́n kọ 20 volume sí jẹ́ 6%. Àwọn onírun tó ń pa irun láró ní 30 volume àti 40 volume, ìyẹn 9% àti 12%, iṣẹ́ irun ni wọ́n sì ṣe é fún, kò kan ọgbẹ́, kò kan ẹnu. Lẹ́yìn èyí ló wá kan 35%, tí wọ́n ń tà ní gálọ́ọ̀nù ní ọjà kẹ́míkà bíi ti Ojota ní Èkó. Ìyẹn, bó bá kan awọ ara, á jó o. Bó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ojú náà.

Èmi ò rí ìdí kankan tí 35% fi gbọ́dọ̀ wọ ilé tí ọmọ wà. Mo mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, pé ó dínwó, pé gálọ́ọ̀nù kan á pẹ́, èèyàn á kàn máa là á. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí 35% tó di 3%, ife kan rẹ̀ á gba nǹkan bí ife omi 11. Ta ló máa wọn ọ́n nínú ilé? Ife wo ló máa lò? Ìgbà tí iná bá lọ tí ọmọ kan ń ké, tí ìkejì ń fa aṣọ ìyá rẹ̀, ṣé yóò rántí bóyá ife keje ló wà tàbí ìkẹjọ? Owó tí a rò pé a jèrè níbẹ̀, ọsibítù kan ṣoṣo á gbà á lọ. Mo tún mọ fídíò tó ń káàkiri orí WhatsApp, tí àwọn ẹbí wa láti Amẹ́ríkà náà máa ń fi ránṣẹ́, pé kí èèyàn máa kán 35% sínú omi mu, pé ó ń wo jẹjẹrẹ. Ní Amẹ́ríkà tí fídíò ọ̀hún ti ń wá, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, ti kìlọ̀ láti ọdún 2006 pé kí ẹnikẹ́ni má rà á mu, nítorí ó lè ṣe ikùn léṣe, ó sì lè pa èèyàn. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó wà fún oúnjẹ tàn yín jẹ.

Ìdí tó fi lè pani kò ṣòro láti mọ̀. Ṣíbí kan 35% á mú afẹ́fẹ́ tó lé ní ṣíbí 100 jáde. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ọmọ, níbo ni afẹ́fẹ́ náà yóò gbà? Ó lè wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, kó lọ dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọpọlọ tàbí ọkàn.

Nítorí náà, èyí tó jẹ́ 3% ni kí ẹ máa rà, nínú ìgò tirẹ̀ tí wọ́n dè láti iléeṣẹ́, ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí ike dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kò lè ráyè wọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ wo ìdérí bóyá wọ́n ti ṣí i rí. Bí 6% nìkan ni ẹ rí, ìwọ̀n kan rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n omi kan, ó di 3%. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ fi 3% yọ ẹnu, ó gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n omi kan náà là á, kó dì í sẹ́nu díẹ̀, kó sì tu gbogbo rẹ̀ dànù. Ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tu omi ẹnu dànù kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá. Omi tí a sè tó sì ti tutù ni ká máa fi là á. Omi náà ni a ó kọ́kọ́ wọ̀n sínú ife ike tàbí ife gíláàsì, ká tó da pẹróksáìdì lé e. Ẹ má lo abọ́ irin. Ife kékeré tó ń bá oògùn ikọ́ wá dára fún wíwọ̀n, bí a bá ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ìwọ̀nba tí a ó lò lẹ́ẹ̀kan ni ká là. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á sójú gọ́tà, ẹ fi omi tẹ̀ lé e. Ẹ má dá a padà sínú ìgò, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú ike.

Ẹ má pò ó mọ́ Hypo tàbí Jik, ẹ má pò ó mọ́ fínígà. Mo mọ̀ pé àwa ìyá fẹ́ràn àpòpọ̀, a gbà pé bí oògùn méjì bá pàdé, iṣẹ́ á yá. Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Pẹróksáìdì àti Hypo á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ta síni lára. Òun àti fínígà á di ásíìdì tó ń jó ojú, tó ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn tó sì ń pò ó mọ́ ìpara kí ara ọmọ lè pupa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ọmọ náà. Iná ni ẹ ń fi pa á lára.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọgbẹ́ díẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni a ti ń lò ó jù. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí a bá ṣubú, wọn á da pẹróksáìdì sí orúnkún wa, á ru gùdù, wọn á ní ó ń pa kòkòrò. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní catalase ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wa, òun ló ń yára tú pẹróksáìdì ká tó fi ń ru. Yóò ru bẹ́ẹ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹran ara tuntun tó fẹ́ dí ojú ọgbẹ́ náà wà lára ohun tó ń pa, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kò fi fẹ́ ká máa dà á sí ọgbẹ́ lójoojúmọ́ mọ́. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ló tó fún ọgbẹ́ kékeré. Ọgbẹ́ tó jìn, tàbí tí ìṣó gún, ọsibítù ni ká gbé e lọ, kí wọ́n fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì bó bá yẹ. Ìdodo ọmọ tuntun kò sí lára ibi tí pẹróksáìdì ti ń ṣiṣẹ́. Gẹ́ẹ̀lì chlorhexidine 7.1% ni kí ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè. Etí tó ń ṣọyún náà, ẹ má kán an sí i, nítorí ìlù etí lè ti lu.

Ibi tí mo ti gbà fún un pátápátá ni aṣọ funfun iléèwé. Bí ọmọ bá ṣe haboo, tí ẹ̀jẹ̀ imú kán sí kọ́là rẹ̀, ẹ kán 3% díẹ̀ sí i kí ẹ̀jẹ̀ náà tó gbẹ, ẹ jẹ́ kó hó, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ wá fi omi tútù ṣàn án. Omi gbígbóná máa ń mú ẹ̀jẹ̀ gan mọ́ aṣọ. Aṣọ aláwọ̀ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní abẹ́ létí aṣọ, nítorí ó lè ṣí àwọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí à ń tọ́jú rẹ̀ sí ló wá kù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Nítorí pé ooru ń ba pẹróksáìdì jẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé inú fìríìjì ló yẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Inú fìríìjì ni ọmọ ti ń mu omi. Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù dé, tí òùngbẹ ń gbẹ, kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Á ṣí ilẹ̀kùn fìríìjì, á fa èyí tó bá sún mọ́ ọn, á gbé orí sókè, ẹnu mẹ́ta á ti wọlé kó tó mọ̀ pé ó ta òun lẹ́nu. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ga, tó ní kọ́kọ́rọ́, nínú yàrá tí oòrùn kò ti ń wọlé, ibẹ̀ ló dára jù. Ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé ilé ìwẹ̀, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò. Kó dúró lóòró, kó má dùbúlẹ̀. Ìdérí tirẹ̀ ni kó wà lórí rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ráàyè. Bí a bá fi kọ́ọ̀kì mìíràn dè é pinpin, ike náà lè wú. Bí ẹ bá rí i tó ti wú, ẹ gbé e jáde síta, ẹ gbé ojú kúrò lórí rẹ̀, ẹ fi aṣọ bo ìdérí kí ẹ tó rọra ṣí i.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí ìgò tuntun, ẹ fi bírò kọ ọjọ́ náà sára rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, agbára rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀. Ẹ kán díẹ̀ sí ojú gọ́tà síńkì. Bí kò bá hó mọ́, omi lásán ló kù.

Ohun kan tún wà tí mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára ìgò wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró ti ọmọ nígbà tí bàbá àti ìyá bá lọ síbi iṣẹ́? Màmá àgbà ni, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka òyìnbó. Mo ti lẹ bébà mọ́ gbogbo irú ìgò bẹ́ẹ̀ nílé mi, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: KÌ Í ṢE OMI, ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ MU Ú. Fún ẹni tí kò ka ìwé rárá, mo fi téèpù pupa yí ọrùn ìgò náà ká, mo sì mú màmá wa dé ibẹ̀, mo fi hàn wọ́n, mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé èyí ni ẹ ń pè ní hydrogen? Omi ni mo pè é o."

Báwo la ṣe ń fi èyí kọ́ ọmọ? Èmi fi ẹ̀dọ̀ ẹran kọ́ tèmi. Mo gé ẹ̀dọ̀ tútù kékeré kan sínú abọ́ gíláàsì, mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n dúró sẹ́yìn díẹ̀. Mo kán pẹróksáìdì sí i. Kíá, ẹ̀dọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ru, fòfòò funfun bò ó mọ́lẹ̀ títí tí a ò rí i mọ́, bí a bá sì gbé etí sún mọ́ ọn, a ó gbọ́ tó ń dún ṣìì. Mo ní, "Ẹran tó wà nínú ikùn tiyín náà rèé." Àbúrò ló kọ́kọ́ dìde, ó fọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ dà á nù." A sì dà á nù, àti ẹ̀dọ̀ náà. Láti ìgbà náà, mi ò tún nílò láti pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

A máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ ilé ni kí ọmọ kúnlẹ̀ kí àgbà, kó fọwọ́ méjèèjì gba nǹkan, kó má wo àgbà lójú. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ láti gba ohun gbogbo tí àgbà bá na sí i, láìbèèrè, a ò tíì kọ́ ọ tán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lè kúnlẹ̀ kó sì wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló wà nínú ìgò yìí?" Bó bá sì bèèrè, ẹ dá a lóhùn. Ẹ má sọ pé ó ti ń ya ìyàkuyà. Ọmọ tí wọ́n gbá létí nítorí ìbéèrè lónìí, kò ní bèèrè lọ́la. Ẹ sì yé rán ọmọ kékeré lọ gbé oògùn tàbí kẹ́míkà wá látinú yàrá. Bí a bá fún un láṣẹ láti fọwọ́ kàn án lónìí, báwo la ṣe fẹ́ kó mọ̀ pé èèwọ̀ ni lọ́la?

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀, tí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, tí ọmọ gbé e mu, ẹ gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi omi yọ ẹnu rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá dá, tó ń gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ fún un lómi díẹ̀ mu. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní ẹyin tútù tàbí omi iyọ̀. Mo mọ̀ pé epo pupa ni àwọn ìyá wa máa ń sáré gbé. Ṣùgbọ́n kò lè pa oró pẹróksáìdì, ó sì lè mú kí ọmọ bì kó fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí nọ́ńbà rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó ju 3% lọ, tàbí tí ikùn ọmọ ń wú, tó ń bì ẹ̀jẹ̀, tí mímí ń ni í lára, tàbí tó ń tòògbé, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ máa lọ, kí ẹnì kan sì pe 112. Bó bá ta sí ojú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán kí ẹ tó gbéra. Bó bá kan awọ lásán tí ibẹ̀ funfun tó ń ta á, omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Bí 3% bá ni, funfun náà á lọ.

Lálẹ́ òní kí ẹ tó sùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìríìjì yín, ẹ ṣí abẹ́ síńkì, ẹ wo gbogbo ike omi tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ ò bá lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má tọ́ ọ wò. Ẹ gbé e kúrò níwájú àwọn ọmọ, ẹ dà á nù, kí ẹ sì ju ike náà síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní tún un fọ̀.